Georg Ohm: Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó wọn iná, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà ẹ̀ kọ̀ láti gbọ́

Ẹ yọ kẹ́tù yín kúrò lára iná, kẹ́ ẹ da omi inú ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjì níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti fóòtì, èkejì jẹ́ ti wáàtì. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò wọ́n títí nǹkan á fi jóná. Ẹni tó bá sì ti rí mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń kó sápò, á rí àmì kan lára ẹ̀ tó dà bíi bàtà ẹsẹ̀ ẹṣin: Ω. Orúkọ èèyàn ni àmì yẹn ń jẹ́. Georg Simon Ohm ni wọ́n ń pe ẹni náà, ará Jámánì ni, ó sì ti kú láti ọdún 1854.

Ọkùnrin yìí ò ṣe gílóòbù, kò ṣe fáànù, kò sì ṣe jẹnẹrétọ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ìwọ̀n àti ìṣirò hàn wá iye iná tó máa gba inú waya kọjá, àti ìdí tó fi máa ń pọ̀ tàbí kó dín kù. Iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé tiẹ̀ jẹ́. Lónìí, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa tá a ní in lọ́fẹ̀ẹ́ yìí la kì í lò ó, ilé àti ọjà wa ló sì ń jó.

Ìlú Erlangen, ní gúúsù Jámánì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá ẹ̀, Johann Wolfgang Ohm. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ló ń rọ. Ìyá ẹ̀, Maria Elisabeth, ọmọ aránṣọ ni. Ọmọ méje ni wọ́n bí, àmọ́ mẹ́ta péré ló dàgbà: Georg, Martin àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, àti obìnrin kan. Georg ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí ìyá wọn kú.

Bàbá wọn ò wọ yunifásítì rí, àmọ́ ó ti dá ìwé kà débi pé òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ní ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì ìlú wọn tiẹ̀ dán Georg àti Martin wò, ẹnu yà á. Ẹ má gbàgbé pé ilé alágbẹ̀dẹ lọmọ yìí ti jáde o. Ọwọ́ ẹ̀ mọ irin, ó mọ waya, ó sì lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe irinṣẹ́. Ohun tó wá gbà á là nígbẹ̀yìn nìyẹn.

Ní 1805, Georg wọ Yunifásítì Erlangen. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kámpọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí yín: ijó, bílíádì àti eré orí yìnyín ló gba gbogbo àkókò ẹ̀. Inú bí bàbá. Owó tí ò tó tẹ́lẹ̀ lọmọ ń fi ṣeré! Lẹ́yìn sẹ̀mẹ́sítà mẹ́ta, ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti di tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Switzerland.

Ibẹ̀ lojú ẹ̀ ti là. Bó bá ti kọ́ àwọn ọmọ tán, á kó ìwé àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò bíi Euler àti Laplace sílẹ̀, á máa dá wọn kà. Ní 1811, ó padà sí Erlangen, ó sì gba oyè dókítà lọ́dún yẹn kan náà.

Àmọ́ oyè ò di owó. Ó ṣe olùkọ́ ní yunifásítì fún sẹ̀mẹ́sítà mẹ́ta, owó tó ń wọlé ò tó o jẹun, ló bá tún padà sídìí iṣẹ́ tíṣà. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ríṣẹ́ ní Bamberg lọ́dún 1813 kógbá sílé ní 1816. Wọ́n gbé e lọ síbòmíì tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá kọ ìwé kan lórí jiọ́mẹ́tírì, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọba Prussia, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan ní ìlú Cologne lọ́dún 1817. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì, irinṣẹ́ sì pé síbẹ̀.

Ẹ rántí pé nígbà tá à ń wí yìí, kò sí ilé kankan láyé tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná. Alessandro Volta, ará Ítálì, ti ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800. Ní 1820, Hans Christian Ørsted, ará Denmark, rí i pé tí iná bá ń gba inú waya kọjá, abẹ́rẹ́ kọ́mpáàsì tó wà nítòsí á yí. Gbogbo onímọ̀ ló ń pariwo nǹkan tuntun yìí. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ò sẹ́ni tó rí ìdáhùn tó dúró sí: bí mo bá fi waya gígùn rọ́pò kúkúrú, èló ni iná máa fi dín kù? Bí waya bá nípọn ńkọ́?

Ohm bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Àbájáde tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1825 kò tọ̀nà. Kì í ṣe ẹ̀bi ọpọlọ ẹ̀, bátìrì ìgbà yẹn ló ń dà á láàmú. Béèyàn bá ṣe ń so waya mọ́ ọn báyìí lagbára ẹ̀ á ti máa já wálẹ̀. Ó dà bíi kéèyàn fẹ́ fi òṣùwọ̀n tó ń fẹ̀ tó sì ń súnkì wọn ẹ̀wà. Poggendorff, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ní Berlin, ló wá gbà á nímọ̀ràn pé kó pa bátìrì tì, kó lo ohun tí Seebeck rí ní 1821: bí wọ́n bá so irin oríṣi méjì pọ̀ níbi méjì, tí ojú ìsopọ̀ kan gbóná tí èkejì sì tutù, iná á máa ṣàn nínú wọn.

Ohm lo bàbà àti irin kan tí wọ́n ń pè ní bismuth. Ó ki ojú ìsopọ̀ kan bọ omi tó ń hó, ó ki èkejì bọ yìnyín tó ń yọ́. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn! Omi tó ń hó kì í gbóná ju bó ṣe ń hó lọ. Yìnyín tó ń yọ́ náà kì í kúrò lójú kan. Nítorí náà, agbára tó ń ti iná ò ní yẹ̀. Ó wá gé waya bàbà mẹ́jọ tí ìnípọn wọn dọ́gba àmọ́ tí gígùn wọn yàtọ̀ síra. Ó fi abẹ́rẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kan kọ́ sókè. Bí iná bá yí abẹ́rẹ́ náà, òun náà á rọra lọ́ ohun tó fi so ó kọ́ títí abẹ́rẹ́ á fi padà sáyè ẹ̀, á sì kọ iye tó fi lọ́ ọ sílẹ̀. Oṣù Kíní ọdún 1826 ló ń ṣe èyí, ó sì ń tún un ṣe léraléra.

Ohun tó rí kò le rárá. Ẹ fojú inú wo tánńkì omi tó wà lórí ọ̀pá. Bí tánńkì bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ lomi á ṣe máa tú jáde tó. Fóòtì nìyẹn, agbára tó ń tì. Iye omi tó ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ́rẹ́ńtì nìyẹn, áńpù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí páìpù bá gùn, tó tún tín-ín-rín, omi á máa fi ipá kọjá. Ìdènà nìyẹn, òun sì ni wọ́n ń fi óòmù wọ̀n. Òfin Ohm ò ju pé kọ́rẹ́ńtì jẹ́ fóòtì tá a fi ìdènà pín. Ẹni tó bá mọ méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mọ ìkẹta. Bí fóòtì bá jẹ́ 230, tí mítà sì fi hàn pé áyọ́ọ̀nù kan ń fa áńpù 4.6, ẹ fi 4.6 pín 230. Óòmù 50 ni ìdènà inú áyọ́ọ̀nù náà. Ó parí.

Ẹ jẹ́ ká gbé òfin yìí dé Ẹ̀rúnmu, ìlú àgbẹ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá lẹ́bàá Ìbàdàn. Ká ní ilé kan wà ní ìparí ìlà waya, tó jìnnà sí tíránsífọ́mà, tí ìdènà waya náà ní àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ óòmù 1 péré. Bí áńpù 10 bá ń gba orí waya yẹn lọ́sàn-án, fóòtì 10 á ṣègbé sójú ọ̀nà. Nínú 230, 220 á délé. Tó bá wá di alẹ́, tí gbogbo èèyàn tan fáànù àti fíríìjì, tí áńpù sì di 60, fóòtì 60 ló ṣègbé yẹn. 170 péré ló máa délé. Ohun tá à ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ńtì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ fóòtì gan-an ló já. Kì í ṣe àwọn ará iwájú ló jí iná àwọn ará ẹ̀yìn. Waya tó gùn tó sì tín-ín-rín ló jẹ ẹ́ sọ́nà.

Òfin yìí kan náà ló ń sọ àtúnṣe fún wa: kí wọ́n fi waya tó nípọn rọ́pò, tàbí kí wọ́n gbé tíránsífọ́mà sún mọ́ ilé. Bí gbogbo ilé bá torí ẹ̀ ra sítábíláísà, ńṣe ni sítábíláísà á tún máa fa kọ́rẹ́ńtì sí i láti fi dí àlàfo, fóòtì orí waya á sì túbọ̀ já. Ẹgbẹ́ onílé tó bá mọ èyí mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ohm. Ẹni tó bá rí irú nǹkan báyìí, èèyàn á rò pé wọ́n á gbé e gẹṣin ni. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ní 1826, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìlàjì owó oṣù, ó lọ sọ́dọ̀ Martin àbúrò ẹ̀ ní Berlin. Ibẹ̀ ló ti parí ìwé ẹ̀ tó jáde ní 1827. Ohun tó ń wá ni ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, kó bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tíṣà.

Ìwé náà jáde, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà sáyẹ́ǹsì ní Jámánì nígbà yẹn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìṣirò dídíjú ṣàlàyé ohun tí Ọlọ́run dá. Èrò ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ nọ́ńbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Georg Friedrich Pohl ní Berlin kọ̀wé ta kò ó gan-an. Àwọn tó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ náà ò fojúure wò ó. Ní 1828, Ohm kọ̀wé fi iṣẹ́ ẹ̀ ní Cologne sílẹ̀. Ó ti ń lọ sí ẹni ogójì ọdún, kò níyàwó, kò níṣẹ́ gidi. Fún bí ọdún márùn-ún, ọkùnrin tó ti rí òfin iná ń fi wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ológun ní ìṣirò ní Berlin. Ọdún 1833 ló tó ríṣẹ́ tó dúró, ní ilé ẹ̀kọ́ polytechnic tó wà ní Nuremberg.

Àwọn tó wá gbé e ga ò sí nílé. Àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń wọ iná tiwọn, nọ́ńbà Ohm ló sì ń jáde. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fa waya télígíráàfù láti ìlú dé ìlú rí i pé àwọn ò lè ṣe é láìlo òfin yìí, torí ìṣòro waya gígùn ni tiwọn náà, bíi ti ilé tó wà ní ìparí ìlà. Ní 1841, Royal Society ní London fún Ohm ní àmì ẹ̀yẹ Copley, èyí tó ga jù lọ́wọ́ wọn.

Ní nǹkan bí àsìkò yẹn kan náà, James Prescott Joule, ọmọ apọntí kan nítòsí Manchester, ki waya bọ inú omi, ó ń wọn bí omi náà ṣe ń gbóná. Ó rí i pé ooru inú waya jẹ́ kọ́rẹ́ńtì tá a sọ di púpọ̀ ní kọ́rẹ́ńtì, tá a tún wá fi ìdènà sọ di púpọ̀. Bá a bá pa èyí pọ̀ mọ́ òfin Ohm, ohun tó máa jáde ni pé agbára iná, ìyẹn wáàtì, jẹ́ fóòtì tá a fi áńpù sọ di púpọ̀. Áyọ́ọ̀nù ìjẹ́ta tá a sọ: 230 lọ́nà 4.6, wáàtì 1,058. Tí fóòtì bá já sí 160, kọ́rẹ́ńtì á di 3.2, wáàtì á sì di 512. Fóòtì ò tíì já dé ìlàjì, àmọ́ ooru áyọ́ọ̀nù ti já kọjá ìlàjì. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bú áyọ́ọ̀nù mọ́ pé kò gbóná.

Ẹ̀rọ tó ń yí ló tún burú jù. Ẹ̀rọ iná tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gàárì kì í fa kọ́rẹ́ńtì díẹ̀ bí fóòtì bá já. Iṣẹ́ tó wà níwájú ẹ̀ ò dín kù, nítorí náà, púpọ̀ sí i ló máa ń fà. Ká ní áńpù 10 ló ń fà tẹ́lẹ̀, tó wá di 14. Èèyàn á rò pé mẹ́rin péré ló lé. Àmọ́ 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100, 14 lọ́nà 14 sì jẹ́ 196. Ooru inú kọ́ìlì ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí ìyá onígàárì ṣe ń pàdánù ẹ̀rọ tó fi owó àjọ rà nìyẹn, á ní ayé ló ń ṣe òun.

Ohm fúnra ẹ̀ ò gbádùn ògo náà pẹ́. Ní 1849 wọ́n pè é lọ sí Munich, ọdún 1852 ló sì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá ní yunifásítì tó wà níbẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti ìgbà èwe ẹ̀, ẹni ọdún 63 ló fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Ó kú ní Munich lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854. Ní 1881, àwọn onímọ̀ iná pé jọ sí Paris, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé káyé máa fi orúkọ àwọn èèyàn kan wọn iná, lára wọn ni Volta ará Ítálì, Ampère ará Faransé, àti Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ tan iná mọ̀nàmọ́ná nílùú Èkó. Orúkọ ẹ̀ ti dé ibí ṣáájú iná.

Kí la máa wá fi ṣe báyìí? Ẹ wo ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n tó wà nínú yàrá yín. Kẹ́tù wáàtì 2,000 ń fa bí áńpù 8.7 lórí 230. Bí waya ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n yẹn bá gùn ní mítà 10, tó sì jẹ́ bàbà 0.5, irú tínrín tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ìdènà ẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí óòmù 0.69. 8.7 lọ́nà 8.7 lọ́nà 0.69, wáàtì 52 nìyẹn. Waya yín ti di ohun ìdáná. Bí ẹ bá ká a jọ sábẹ́ káńpẹ́ẹ̀tì tàbí sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ooru yẹn ò ríbi gbà jáde. Bó bá jẹ́ waya 2.5 ni, nǹkan bíi wáàtì 10 ni ooru náà. Fóòtì kan náà, kẹ́tù kan náà, waya ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ínfátà àti sólà, tiyín tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti rí wáàtì 1,000 lára bátìrì fóòtì 12, áńpù 83 ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ojú ibi tí wọ́n ti so waya mọ́ bátìrì ò bá fún dáadáa, tí ìdènà ibẹ̀ jẹ́ óòmù 0.01 péré, ooru wáàtì 69 á máa jáde lójú kan ṣoṣo yẹn. Ìdí nìyẹn tí waya bátìrì fi gbọ́dọ̀ nípọn bí ìka ọwọ́. Kì í ṣe pé onísólà ń fẹ́ jẹ yín lówó.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ máa fọwọ́ kan waya tí iná wà lára ẹ̀ o, iṣẹ́ oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó ra waya. Ẹ ṣa gbogbo wáàtì àwọn nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kì bọ ojú iná kan ṣoṣo jọ, ẹ fi 230 pín in, áńpù nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá bi ẹni tó ń bá yín fa waya pé áńpù mélòó ni èyí tó gbé wá lè gbà. Bí kò bá rí nọ́ńbà sọ, ẹ má tíì sanwó.